Ọbẹ̀ Tí A Fi Ìbò Sè

 Ọjọ́ kan náà ni ọdún òmìnira àti ọdún ìpínlẹ̀ wa bọ́ sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni Nàìjíríà gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni a yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí ó di ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ibòmíràn bá ń ṣe àjọ̀dún ẹyọ kan ní ọjọ́ náà, méjì ni tiwa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìfàkì dé Ìdó àti Ọ̀tùn.

Ní àkókò yìí lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí a bá ti gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè tán nínú ìpàdé, a máa ń jókòó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ìwé ní 1960, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun, yóò sọ bí ọjọ́ náà ti rí. A ó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970. A ó mẹ́nu ba àwọn ológun, àti ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993 tí wọ́n fagi lé mọ́ Olóyè Abíọ́lá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń sọ̀kalẹ̀ láti Abújá àti Èkó wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa, ibi tí ó sì máa ń balẹ̀ sí ni owó ìbò.

Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Bí olóṣèlú bá fún obìnrin kan lówó ní ọjọ́ ìdìbò, tí obìnrin náà gbà á, tí ó sì wọlé lọ dìbò fún ẹni tí ọkàn òun fúnra rẹ̀ fẹ́, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Bí ó bá ṣẹ̀, ta ni ó ṣẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ni, àbí olóṣèlú, àbí aládùúgbò rẹ̀? Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwa obìnrin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì rí ibi tí ó ti parí láìsí ariwo.

Kò sí ẹni tí ó ṣe àjèjì sí i. Ní ìgbà ìbò gómìnà ti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2018, ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní Èkìtì ni “Dìbò kí o sebẹ̀.” Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn tí ó wá ṣọ́ ìbò sì sọ ọ́, pé ₦3,000 sí ₦5,000 ni wọ́n ń ra ìbò kan. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò fara sin. Ẹni tí ó tẹ̀ka tán yóò gbé ìwé ìbò sókè díẹ̀ kí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí ibi tí ìka rẹ̀ wà, lẹ́yìn náà yóò yà sí ẹ̀yìnkùlé kan lọ gba owó. Àwọn aládùúgbò ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òfin ìdìbò tí a ṣe ní 2022 sọ pé ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà á, bákan náà ni ẹ̀bi wọn: owó ìtanràn tí ó lè tó ₦500,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn ń sọ, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìyá kan sọ pé, “Owó wa ni.” Ó ní níbo ni olóṣèlú ti rí owó tí ó ń pín? Ó ní owó ìfẹ̀yìntì ọkọ òun ni, èyí tí ó dúró dè títí ó fi kú. Owó òógùn tí kò sí ní ilé ìwòsàn ni. Owó títì tí wọn kò ṣe ni. Bí olè bá jí ewúrẹ́ rẹ, tí ó wá gé itan rẹ̀ fún ọ, ṣé o ó kọ̀ ọ́? Ọ̀rọ̀ yìí mú gbogbo ilé dákẹ́.

Òmíràn kò sọ púpọ̀. Ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tí kòkó ọkọ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹbí láti ọjọ́ tí ọkọ ti kú, tí ọmọ mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní agbára láti jókòó máa ro èrò ìjọba.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin fẹ́ràn jù. Wọ́n ní, “A ó gba owó wọn, a kò sì ní dìbò fún wọn.” Wọ́n ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a rẹ́ arẹ́nijẹ jẹ.

Mo fẹ́ dá wọn lóhùn, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nítorí èyí tí ó kẹ́yìn ni ó rọrùn jù. Ẹni tí ó gba owó fún ohun kan, tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òun kò ní ṣe é, irọ́ ni ó pa. Bí ẹni tí a pa irọ́ fún bá jẹ́ olè, irọ́ náà kò di òtítọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àdéhùn tí a bá olè ṣe kò de ènìyàn, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni: bí obìnrin kan bá ti gba owó náà nínú àìmọ̀ tàbí nínú ìbẹ̀rù, kò gbọdọ̀ rò pé ìbúra de òun láti dìbò fún ẹni burúkú. Kí ó dìbò bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ilé pète rẹ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn yóò gbà á kí àwọn sì dìbò bí ó ti wu àwọn, mélòó nínú wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹnu jẹ, ojú tì. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ ń wo ìka rẹ.

Ti ebi, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e, nítorí ẹni tí ó yó kò gbọdọ̀ wàásù fún ẹni tí ebi ń pa. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ísọ̀, tí ó ti oko dé, tí ó rẹ̀, tí ó sì ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí àwo ọbẹ̀ pupa. Ní ọjọ́ ìsinmi a máa ń dá Ísọ̀ lẹ́bi, a ó pè é ní aláìnírònú. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa Jákọ́bù, tí ó rí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí ebi ń pa, tí ọbẹ̀ sì wà lórí iná rẹ̀, tí kò bù ú fún un láìkọ́kọ́ dúnàádúrà. Nínú ọ̀ràn owó ìbò, ẹni tí ó di ìkòkò ọbẹ̀ mú ni ó jẹ̀bi jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ó kọ orúkọ àwọn opó àdúgbò sínú ìwé fún un, kí wọ́n lè mọ iye àpò owó tí wọn yóò gbé wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin ni ó sábà máa ń kọ ìwé yẹn, àti pé nígbà mìíràn ẹgbẹ́ wa ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ ìyá àkọ́kọ́, “Owó wa ni,” ni ó pẹ́ lọ́kàn mi jù. Mo rò ó títí. Òótọ́ ni pé owó wa ni. Ṣùgbọ́n ta ni “wa” yẹn? Bí ewúrẹ́ tí wọ́n jí bá jẹ́ tèmi nìkan, itan rẹ̀ tí mo gbà padà kò kan ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́ yìí jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ó jẹ́ ti aboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìdó lóru lórí ọ̀kadà. Ó jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí kò lè dìbò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fún ní ₦5,000. Ó jẹ́ ti arọ tí kò lè dé ibùdó ìdìbò. Bí mo bá gba itan, tí mo dákẹ́, n kò gba ohun ìní mi padà lọ́wọ́ olè. Mo ti bá a pín in, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni a jọ jẹ ẹran wọn. Àti pé itan nìkan kọ́ ni olè náà ń fún mi. Ó ń gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà ẹran lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́rin mìíràn.

Ẹ bá mi ṣírò. Ọdún mẹ́rin jẹ́ 1,461 ọjọ́. Bí ẹ bá pín ₦5,000 sí i, náírà mẹ́ta ààbọ̀ kò pé lóòjọ́. Owó yẹn kò lè ra ẹyọ ata kan.

Ó yẹ kí a rántí pé ìbò yìí pàápàá kò pẹ́ lọ́wọ́ àwa obìnrin. Ọdún 1950 sókè ni àwọn obìnrin apá gúúsù tó bẹ̀rẹ̀ sí dìbò. Àwọn arábìnrin wa ní òkè ọya kò rí i gbà títí di 1976, ìbò gbogbogbòò ti 1979 ni ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn. Àwọn obìnrin kan ti jìyà kí ó tó dé ibẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà kọ̀ láti san owó orí níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn wọn nínú ìlú, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ohun tí àwọn ìyá yẹn ń béèrè ni kí a máa bi àwọn ní ohun tí àwọn fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní owó kí wọ́n tó béèrè.

Àwa tí a jẹ́ ti Ìjọ Elétò tún ní ìmọ̀ràn kan tí ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1774, John Wesley bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dìbò pàdé ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin nìkan ni, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni, nítorí ní ìgbà náà àwọn tálákà àti gbogbo obìnrin kò ní ìbò. Gbangba ni wọ́n ti ń dìbò, tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ orúkọ ẹni tí o mú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò bẹ̀rẹ̀ ìbò ìkọ̀kọ̀ títí di 1872. Àwọn tí ó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ a máa rọ ọtí àti oúnjẹ fún olùdìbò. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ “Dìbò kí o sebẹ̀” kí a tó bí wa? Ohun mẹ́ta ni Wesley kọ sílẹ̀ nínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun gbà wọ́n nímọ̀ràn: kí wọ́n dìbò fún ẹni tí wọ́n rí pé ó yẹ jù láìgba owó tàbí ẹ̀bùn, kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ ẹni tí wọn kò dìbò fún ní búburú, kí wọ́n sì ṣọ́ra kí ọkàn wọn má baà korò sí àwọn tí ó dìbò fún ẹlòmíràn.

Èyí àkọ́kọ́ ni a máa ń gbọ́. Mo rò pé ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ni ó le jù fún wa ní apá ibí yìí, mo sì ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ó ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí ọdún 2009. Ìbò gómìnà ti 2007 ti di ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì pàṣẹ ní oṣù kejì ọdún 2009 pé kí a tún un dì ní wọ́ọ̀dù 63 nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ni a tún un dì. Àwọn méjì tí ó ń du ipò náà, ọmọ apá àríwá Èkìtì ni wọ́n: Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun Òní láti Ìfàkì, Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí láti Ìṣàn. Ìfàkì sí Ìṣàn kò jìnnà. Ìyàwó Ìfàkì wà ní Ìṣàn, ọmọ Ìṣàn ń kọ́ṣẹ́ ní Ìfàkì. Ìbò dí, ó sì kù sí èsì Ìdó-Ọ̀ṣì, níbi tí àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀.

Obìnrin ni ó wà ní ipò kọmíṣọ́nnà ìdìbò ní ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, Ìyáàfin Ayọ̀ka Adébáyọ̀, ìyá tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ó kọ̀wé sí Ààrẹ Yar'Adua pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bí Kristẹni kò jẹ́ kí òun lè bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà mi gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin, tí púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà, jáde sí ìgboro Adó-Èkìtì. Àwọn mìíràn bọ́ aṣọ òkè ara wọn sílẹ̀, ọmọ Yorùbá kò sì nílò kí a túmọ̀ ohun tí ó jẹ́ nígbà tí ìyá bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kọmíṣọ́nnà náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ó sì kéde pé Òní ni ó wọlé. Ọ̀rọ̀ tún padà sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé Fáyẹmí ni àwọn ènìyàn dìbò fún. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ nínú sáà ọdún mẹ́rin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007.

N kò kọ èyí láti sọ ìyá náà lókùúta. A kò wà níbẹ̀, a kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láàrin ọjọ́ tí ó kọ̀wé àti ọjọ́ tí ó padà. Ohun tí mo ń rò ni pé ẹ̀rí ọkàn ẹnì kan ṣoṣo, níbi tí agbára ìjọba gbogbo ti dojú kọ ọ́, ẹrù wúwo ni. Ta ni ó sì di ẹrù náà rù ú? Mo gbà pé àwa tí a ń ta ìbò ní wọ́ọ̀dù wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ra ọjà yóò fẹ́ gbé ọjà rẹ̀ lọ sílé. Bí a bá ti kọ́ olóṣèlú láti máa rà, ní ọjọ́ tí ọjà kò bá pé iye tí ó san, yóò lọ bá ẹni tí ń kà á kí ó bá òun fi kún un. Ìgbésẹ̀ méjèèjì, ojú ọ̀nà kan náà ni.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn yẹn tí àwọn tí ó máa ń sọ pé “ìbò wa kò já mọ́ nǹkan” kì í fẹ́ gbọ́. Ohun tí ilé ẹjọ́ rí yẹ̀ wò ní 2010 ni ohun tí àwọn ènìyàn ti fi sínú àpótí. Ká ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti rà tán, kí ni adájọ́ ìbá rí kà? Síbẹ̀, ní ìbò gómìnà ti oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní Èkìtì jẹ́ 988,923. Àwọn tí ó jáde tí a sì yẹ káàdì wọn wò jẹ́ 363,438. Àwọn tí ó jókòó sílé lé ní 625,000. Nígbà tí a bá ń bínú sí opó tí ó gba ₦5,000, kí a rántí pé òun ó tilẹ̀ jáde.

Àti ìkorò tí Wesley sọ. Lẹ́yìn 2009 àwọn kan wà tí wọn kò kí ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìsìn. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ, ìjókòó kan náà ni wọ́n jókòó sí, ọ̀rọ̀ kò sì sí láàrin wọn. Àwọn méjèèjì tí wọ́n tìtorí wọn jà ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà nígbà tí ó yá, kí wọ́n tó tún pínyà. Ẹni tí ó bá ìbátan rẹ̀ jà nítorí wọn, ta ni yóò parí tirẹ̀?

Mo fẹ́ padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í fẹ́ wò. Inú wa dùn ní ọjọ́ yẹn, ó sì yẹ kí ó dùn. Àwọn baba wa ti ń béèrè ìpínlẹ̀ Èkìtì fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni a ti gbà á? Lọ́wọ́ Ọ̀gágun Abacha ni. Ní ọjọ́ tí a ń jó, Abíọ́lá wà ní àtìmọ́lé. Ìyàwó rẹ̀, Kudirat, ni wọ́n sì ti yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún náà. A kò dìbò fún ìpínlẹ̀ wa; wọ́n kéde rẹ̀ fún wa lórí rédíò. N kò sọ pé kí a kọ̀ ọ́. Ẹ̀tọ́ wa ni, ẹni tí ó bá sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò jẹ gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání. Ṣùgbọ́n mo ń wò ó pé bí a ti gbà á yẹn ti kọ́ wa ní nǹkan kan: pé ìjọba jẹ́ ẹ̀bùn tí ó ń ti òkè wá, tí a ó sì máa dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ fún. Bí wọ́n bá ṣe títì, a ó dúpẹ́. Bí wọ́n bá san owó oṣù olùkọ́, a ó dúpẹ́. Bí wọ́n bá fún wa ní ìrẹsì kọ́ńgò méjì, a ó kúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbà pé gbogbo nǹkan ìjọba jẹ́ ẹ̀bùn, báwo ni yóò ti mọ̀ pé ìbò òun kì í ṣe ohun tí a fi ń dúpẹ́?

Àwọn baba ńlá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń jẹ wá, tí wọ́n ń kó oúnjẹ àti ọmọ, kò sí ẹni tí ó dúró de ẹ̀bùn. Wọ́n kó ara wọn jọ ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì ja Kírìjí láti 1877 títí di ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. N kò fẹ́ ogun fún wa, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Ohun tí mo ń wí ni pé wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́ tiwọn.

Nítorí pé ohun tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe ìrẹsì mọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé níhìn-ín, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé ní ìhà Èmùré. Láti ìgbà náà, obìnrin tí ó ní oko lọ́nà Òkè-Àkò tàbí Ìpaò mọ bí àyà rẹ̀ ti ń já bí ó bá ń lọ. Ta ni a ó bi léèrè? Ẹni tí ó bá ti san owó ìbò mi tán lè sọ pé òun kò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí yóò dun àwọn kan nínú wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á. Ìjọ wa ńkọ́? N kò ní ìjọ kan pàtó lọ́kàn. Ẹ wo gbogbo ilé ìsìn láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Nígbà ìkórè, nígbà tí a bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, ta ni a máa ń fi ṣe alága? A ó gbé àga iwájú fún un, a ó dìde nígbà tí ó bá wọlé, a ó pàtẹ́wọ́ fún iye tí ó dá, a kò sì ní béèrè ibi tí ó ti rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a ó wàásù fún opó pé kí ó má gba ₦5,000. Sámúẹ́lì, nígbà tí ó darúgbó, dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó sì bi wọ́n léèrè màlúù ta ni òun gbà, àti ọwọ́ ta ni òun ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn jẹ́rìí pé kò gba nǹkan kan. Ẹni tí ó bá lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó lè bá tálákà sọ̀rọ̀ owó ìbò kí tálákà náà sì gbọ́.

Nígbà tí mo sọ èyí jáde nínú ìpàdé, àwọn kan binú, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ kò mọ owó ẹni tí ó rà á. Arábìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá dìde. Ó ní kí a fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ná. Ó ní opó mélòó ni ó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tìtorí ebi gba owó yìí? A kà á, wọn kò ju 20 lọ. Ó ní 20 lọ́nà ₦5,000 jẹ́ ₦100,000, owó tí a ń dá fún aṣọ àjọ̀dún lọ́dọọdún sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó ní ní ọdún ìbò, kí a má ṣe dá aṣọ. Kí a fi owó náà ra gàrí, epo àti iṣu, kí a pín in fún àwọn opó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìdìbò, láìsọ fún wọn ẹni tí wọn yóò dìbò fún.

Ilé tún gbóná. Àwọn kan ní a kò lè jó wọ ilé ìsìn nínú aṣọ àtijọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹnì kan béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí opó bá jẹ tiwa tán, tí ó sì tún lọ gba tiwọn. Arábìnrin náà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì yóò lè sọ pé ebi ni mọ́. Akápò ní kí a fún òun títí di ìpàdé tí ń bọ̀, kí òun lọ wo ìwé.